Iná Ló Sè É: Férémù Kẹ̀kẹ́ Alumíníọ̀mù àti Èyí Tó Ṣeé Túnṣe Nílé

Kí ẹ tó mú sípánà kankan, ẹ wá òòfà. Èyí tó wà lẹ́yìn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ ti tó. Ẹ gbé e kan páìpù kẹ̀kẹ́ yín. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni, wàhálà yín ò pọ̀: jórinjórin tó mọṣẹ́ á jó o, ẹ ó sì tún gùn ún fún ọdún mélòó kan. Bí òòfà bá bọ́ sílẹ̀, tí férémù náà fúyẹ́, tí páìpù rẹ̀ sì sanra ju ti kẹ̀kẹ́ àtijọ́ lọ, a jẹ́ pé alumíníọ̀mù ló ṣeé ṣe kó jẹ́. Ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn.

Raleigh tí àwọn bàbá wa ń gùn lọ sóko, irin ni. Ọwọ́ tí a fi ń tún un ṣe la ṣì fi ń tún tòkunbọ̀ ṣe lónìí: bó bá sán, jó o, bó bá wọ́, tẹ̀ ẹ́ padà, bó bá há, fi iná sí i, fi òòlù lù ú. Lára irin, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ nínú àwọn kẹ̀kẹ́ oníjíà púpọ̀ tó ń ti Yúróòpù wọlé, alumíníọ̀mù pọ̀ gan-an, ọwọ́ irin yẹn ló sì ń pa wọ́n. Oníṣẹ́ lè mọṣẹ́ dójú àmì kó tún ba férémù náà jẹ́, torí ìwà ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ò jọ ti irin.

Alumíníọ̀mù lásán rọ̀. Ẹni tí ìkòkò rẹ̀ ti já bọ́ lọ́wọ́ ọmọ rí mọ bó ṣe máa ń tẹ̀ wọnú. Ohun tó sọ ọ́ di ohun tó lè gbé àgbàlagbà kọjá lórí gálọ́ọ̀pù ni pé wọ́n po nǹkan mọ́ ọn, wọ́n sì sè é. Èyí tó wọ́pọ̀ lára kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè ní 6061: magnẹ́síọ̀mù bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, sílíkọ́ọ̀nù tó dín díẹ̀ sí ìyẹn, àti bàbà táṣẹ́rẹ́. Wọ́n á gbé e sínú ààrò tó gbóná tó nǹkan bí 530 °C, títí àwọn èròjà yẹn á fi yọ́ wọ inú ara rẹ̀ bí iyọ̀ ṣe ń yọ́ sínú ọbẹ̀. Wọ́n á rì í sómi lójijì. Lẹ́yìn náà wọ́n á dá a padà sínú ààrò tí ò gbóná púpọ̀, nǹkan bí 175 °C, fún bíi wákàtí mẹ́jọ. Nínú sísè kejì yìí ni àwọn èròjà náà ti máa ń ṣùjọ ní hóró kéékèèké tí ojú lásán ò lè rí, tí wọ́n á wá há sáàárín rẹ̀ bí òkúta tí a fi dí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn. Ìpele kan nínú ara alumíníọ̀mù náà fẹ́ yọ̀ lórí èkejì, hóró ò gbà fún un. Agbára férémù yín nìyẹn. T6 tí ẹ máa ń rí lára sítíkà, ohun tó ń sọ ni pé wọ́n ti sè é báyìí.

Alfred Wilm, ará Jámánì, ló bá ọ̀nà yìí pàdé ní 1906. Ó rì àdàpọ̀ alumíníọ̀mù kan sómi, ó gbé e sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ìgbà tó tún wọn líle rẹ̀, ó ti le ju bó ṣe fi í sílẹ̀ lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ọkọ̀ òfurufú ló kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ alumíníọ̀mù tí a fi iná jó tí páìpù rẹ̀ sanra, ìgbà tí Cannondale, ilé iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ará Amẹ́ríkà, gbé tirẹ̀ jáde ní 1983 ló tó di ohun tí gbogbo ayé ń rí lọ́jà. Kó tó di ìgbà yẹn, àwọn ará Faransé tó ṣe kẹ̀kẹ́ Vitus 979 ò tilẹ̀ fi iná kàn án rárá. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ páìpù mọ́ra, Sean Kelly, agunkẹ̀kẹ́ ará Ireland tó lókìkí, sì gùn ún nínú ìdíje ńlá. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín gọ́ọ̀mù kó rántí ìyẹn.

Ohun tí iná fún un, iná lè gbà á. Nígbà tí jórinjórin bá gbé iná lé páìpù 6061, ibi tó yọ́ nìkan kọ́ ni nǹkan ṣe. Nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 sí ọ̀tún àti sí òsì ojú ìjórin ni òkúta ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn á ti yọ́ tàbí kí wọ́n wú débi tí wọn ò fi di nǹkan kan mọ́. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń ṣírò ilé àti afárá ń ka agbára 6061-T6 sí 290 MPa (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára irin) kí iná tó kàn án. Létí ojú ìjórin, 165 ni wọ́n ń kà á sí. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ mọ èyí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé odindi férémù padà sínú ààrò lẹ́yìn tí wọ́n bá jó o tán. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi, ó máa ń rọ̀ débi pé wọ́n á fi ọ̀pá gígùn àti agbára apá tọ́ ọ sọ́nà lórí tábìlì kó tó lọ fún sísè kejì. Ẹ ò ní irú ààrò bẹ́ẹ̀ nílé. Ààrò tí wọ́n fi ń yan kéèkì kì í sábà kọjá 250 °C, férémù ò sì ní gba inú rẹ̀ wọlé.

Oríṣi kan wà tó tún yàtọ̀ díẹ̀, 7005, tí síńkì bí ìdá mẹ́rin àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún wà nínú rẹ̀. Ìyẹn ò nílò rírì sómi lẹ́yìn ìjórin. Bí wọ́n bá fi sílẹ̀ fún nǹkan bí oṣù kan, á gba púpọ̀ nínú agbára rẹ̀ padà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú lásán ò lè yà á sọ́tọ̀ sí 6061, bí sítíkà bá sì ti bó, kò sẹ́ni tó máa sọ fún yín.

Òfin tí mo máa gbé ka iwájú gbogbo iṣẹ́ ilé nìyí o: omi gbígbóná, ó dáa, iná gáàsì, rárá. Gbogbo ohun tó kù nínú àròkọ yìí dúró lé e.

Àbùkù kejì ò ní í ṣe pẹ̀lú iná. Bí ẹ bá ń tẹ̀ wáyà síwá sẹ́yìn, á já. Gbogbo irin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí títẹ̀ náà bá le, ṣùgbọ́n bí títẹ̀ bá kéré tó, irin gidi lè fara dà á láìlópin. Alumíníọ̀mù ò ní irú ààlà bẹ́ẹ̀. Gbogbo gálọ́ọ̀pù tó bọ́ sí ló ń kọ sílẹ̀ bí ẹni ń kọ gbèsè, bó ti wù kí gálọ́ọ̀pù náà kéré mọ. Irú sísán báyìí ló já ọkọ̀ òfurufú Comet méjì lulẹ̀ sínú òkun ní 1954. Lára kẹ̀kẹ́, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ibi mélòó kan tí ojú yín gbọ́dọ̀ mọ́: abẹ́ páìpù ìsàlẹ̀ lẹ́yìn ọrùn kẹ̀kẹ́, etí ojú ìjórin níbi tí páìpù ẹ̀yìn méjèèjì ti pàdé ihò ńlá tí ọ̀pá pẹ́dáàlì gbà kọjá, ibi tí táyà ẹ̀yìn ń wọ̀ sí, pàápàá ní ọwọ́ ṣéènì, àti òkè páìpù ìjókòó, níbi tí wọ́n ti là á kí ìdè ìjókòó lè fún un. Ti òkè ìjókòó yìí, àwa tó ń gùn ún la sábà máa ń fà á. A fa òpó ìjókòó sókè jù, ìdí rẹ̀ ò wá kọjá ibi tí páìpù òkè ti pàdé páìpù ìjókòó mọ́, gbogbo ìwúwo wa bá ń wọ́ ẹnu páìpù náà. Ìdí òpó gbọ́dọ̀ wọlé kọjá ìpàdé yẹn ní sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí mẹ́ta, kódà bí àmì tí wọ́n fín sára òpó bá sọ pé èyí tó kéré sí i náà tó.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ọ̀dà ló sán tàbí férémù gan-an? Kẹrosíìnì àti ṣọ́ọ̀kì. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ayé àtijọ́ ló ń fi epo àti ẹfun wá ojú sísán lára ọ̀pá ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin, kó tó di pé oògùn pupa inú agolo tí wọ́n fi ń wá ojú sísán dé, ọ̀nà náà ò sì tíì bàjẹ́. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ fi sáńpépà 240 bó ọ̀dà kúrò yípo ibi tẹ́ ẹ ń fura sí, ní fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí mẹ́ta, jẹ́jẹ́. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì onírin họ ọ́: alumíníọ̀mù rọ̀, búrọ́ọ̀ṣì á fa awọ rẹ̀ bo ẹnu ibi tó sán, ẹ ó wá máa wá ohun tẹ́ ẹ ti fọwọ́ ara yín sin. Ẹ fi acetone, omi tó ń nu ọ̀rá kúrò, nù ún. Ẹ wá fi àkísà tó mu kẹrosíìnì dáadáa wé ibẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ẹ tú àkísà, ẹ nu ojú rẹ̀ gbẹ pátápátá, kó má dán. Ẹ lọ ṣọ́ọ̀kì funfun kúnná, ẹ fi sípíríìtì pò ó kó ṣàn bí ògì, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Sípíríìtì á gbẹ láàárín ìṣẹ́jú kan, ibẹ̀ á funfun báláú. Ẹ wá jókòó tì í. Bó bá sán, kẹrosíìnì tó ti wọ inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fà jáde sínú ṣọ́ọ̀kì, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó tutù, tó ṣú díẹ̀, á yọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ibi tí nǹkan kàn ha lè gbé irú ìlà bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà ẹ nù ún kúrò, ẹ tún ṣọ́ọ̀kì kùn láìfi kẹrosíìnì mìíràn kún un. Ojú ibi tó kàn ha ò jìn, ohun tó wà nínú rẹ̀ á ti tán. Ojú sísán á tún yọ.

Bó bá yọ lẹ́ẹ̀kejì ní abẹ́ ọrùn kẹ̀kẹ́, ẹ dẹ́kun iṣẹ́. Mo mọ̀ pé èyí kì í dùn ún gbọ́. Ọrùn kẹ̀kẹ́ kì í kìlọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Níbi tẹ́ ẹ bá ti ń sáré sọ̀kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló ti máa já, eyín iwájú lẹ máa fi kanlẹ̀.

Ibì kan ṣoṣo tí mo lè gbà kí ẹ gbẹ́ ihò sí ojú sísán nílé ni òkè páìpù ìjókòó, bí sísán náà bá bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ojú lílà tí ò sì tíì gùn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, tí ò sì tíì dé ojú ìjórin páìpù òkè. Ẹ wo férémù tuntun: ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ máa ń gbẹ́ ihò roboto sí ìdí ojú lílà yẹn. Ẹnu sísán mú bí abẹ, gbogbo wàhálà tó wà lára páìpù ló máa ń pé jọ sí góńgó rẹ̀. Bí góńgó bá di roboto, wàhálà á tú ká. Ẹ fi kẹrosíìnì àti ṣọ́ọ̀kì wá ibi tí góńgó náà parí sí gan-an, torí ó máa ń lọ síwájú ju ibi tójú rí lọ. Ẹ lu àmì síwájú góńgó náà ní bíi mílímítà kan, ẹ fi dírílì mílímítà 3 gbẹ́ ẹ, ẹ fi sáńpépà 400 tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ ká mọ́ ìṣó dán etí ihò náà. Lẹ́yìn náà ẹ ra òpó ìjókòó tó gùn jù ti àtẹ̀yìnwá lọ, kó wọlé dé ibi tí mo sọ lókè. Bí ẹ bá gbẹ́ ihò tẹ́ ẹ sì fi òpó kúkúrú yẹn padà, ẹ kàn ra oṣù díẹ̀ ni.

Ṣé a ò lè fi ọ̀pá tí wọ́n ń polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì jó o, èyí tí wọ́n ní gáàsì kékeré nìkan ló nílò? Síńkì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó ń yọ́ ní nǹkan bí 390 °C. Ìwọ̀n yẹn ò tó láti yọ́ férémù, ṣùgbọ́n ó tó láti sọ sísè di asán láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ó dáa fún ìkòkò àti gọ́tà òrùlé. Àwọn tó ń fi gáàsì jó ilé jíà mọ́tò náà ń kojú nǹkan méjì mìíràn: awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń dá sára alumíníọ̀mù kì í yọ́ títí ó fi kọjá 2000 °C, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ ti ń yọ́ láti bí 580, kì í sì í pọ́n kó tó yọ́ bí irin ṣe máa ń pọ́n. Ó ń dán, ó ń dán, á kàn ya lulẹ̀ ni. Bí oníṣẹ́ bá wá lo wáyà alumíníọ̀mù tí wọ́n bó lára wáyà iná, ojú ìjórin náà tún lè sán fúnra rẹ̀ bó ṣe ń tutù, torí 6061 fẹ́ kí ọ̀pá tí wọ́n fi jó o ní sílíkọ́ọ̀nù tàbí magnẹ́síọ̀mù bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún: ER4043 tàbí ER5356. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìjórin oníná mànàmáná tí wọ́n ń pè ní TIG, gáàsì argon tó ń bo ojú ìjórin, àti ọ̀kan nínú ọ̀pá méjèèjì lè jó o kó dára lójú. Ẹ bi í léèrè bóyá ó ní ààrò. Bí ò bá ní, ojú ìjórin náà á dúró, páìpù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa já.

Ẹ jẹ́ ká kúrò níbi ikú, ká bọ́ síbi tí iṣẹ́ ilé ti wúlò gan-an.

Etí tí ẹ̀rọ tó ń sún ṣéènì kọ́ sí, lẹ́yìn lọ́wọ́ ọ̀tún, ló máa ń wọ́ jù lọ. Kẹ̀kẹ́ á ṣubú sí ọ̀tún, etí á tẹ̀ wọnú, jíà ò ní wọlé dáadáa mọ́. Bí ẹ bá wá fi jíà tó tóbi jù gun òkè, ẹ̀rọ náà lè bọ́ sínú wáyà táyà, kó já etí náà kúrò, kó sì ba táyà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Lára ọ̀pọ̀ férémù alumíníọ̀mù, etí yìí ṣeé yọ: bóòtù kékeré kan tàbí méjì ló dè é, wọ́n sì dìídì ṣe é kó rọ̀ kí òun lè tẹ̀ kí férémù má tẹ̀. Bí ẹ bá máa ra tuntun, ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà. Oríṣi rẹ̀ pọ̀ bí ewé, ihò rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bára mu.

Bí kò bá tíì sán, ẹ lè tọ́ ọ nílé, owó ò sì ní lọ. Ihò etí náà, fífẹ̀ mílímítà 10 ni, eyín rẹ̀ sì fi mílímítà kan jìnnà síra. Ọ̀pá inú họ́ọ̀bù táyà ẹ̀yìn tó ń lo ìdè ìfọwọ́ṣí náà ní eyín kan náà gẹ́lẹ́. Torí náà ẹ wá irú táyà ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ kejì, tí ríìmù rẹ̀ ò wọ́. (Táyà onínọ́ọ̀tì ti kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ò dáa fún un, eyín tirẹ̀ jọ ọ́, ṣùgbọ́n kò bá a mu, á jẹ ihò náà.) Ẹ fi sípánà alẹ́ńkì 5 tú ẹ̀rọ tó ń sún ṣéènì kúrò, ẹ jẹ́ kó rọ̀ sórí ṣéènì rẹ̀. Ẹ fa ọ̀pá ìdè jáde nínú táyà kejì, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ nìkan yí ẹ̀gbẹ́ òsì táyà náà wọ ihò etí, títí táá fi wọlé mọ́lẹ̀. Bí ọwọ́ bá kọ̀ ọ́, ẹ bọ́ ọ padà, ẹ kan epo sí i, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi agbára sí i.

Táyà méjì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn báyìí bí àwo méjì tí wọ́n tò sórí sẹ́ẹ̀fù. Bí etí bá gún, wọ́n á wà ní ọgbọọgba. Ẹ fi rúlà wọn àlàfo láàárín ríìmù méjèèjì ní òkè, ní ìsàlẹ̀, ní iwájú àti lẹ́yìn. Níbi tí àlàfo ti kéré jù, ẹ di ríìmù táyà kejì mú, ẹ fà á sọ́dọ̀ ara yín díẹ̀, ẹ dẹ̀ ẹ́, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ẹ óò rí i pé ó ń padà bí rọ́bà ní ìgbà méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́, kó tó di pé ó gbà. Fífà kéékèèké mẹ́ta dára ju ńlá kan ṣoṣo lọ, torí bó bá kọjá ibi tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ́ ẹ wá tún tì í padà, títẹ̀ kún títẹ̀ nìyẹn. Bí ìyàtọ̀ àlàfo kò bá ti ju mílímítà 4 lọ, ó ti tó, jíà á ṣiṣẹ́. Etí kan náà lè gbà á lẹ́ẹ̀kan, ó lè gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ ohùn bí ìgbà tí igi gbígbẹ ń ṣẹ́, ẹ ti pẹ́ jù.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe sí etí yìí, ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe é sí ara férémù fúnra rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ máa ń fi agbára la ẹ̀yìn férémù irin kí táyà tó fẹ̀ jù lè wọlé; alumíníọ̀mù tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 130, 130 ló máa jẹ́, ẹ wá táyà tó bá a mu. Láti mọ̀ bóyá ó ti wọ́ lẹ́yìn ìjàǹbá, ẹ so òwú mọ́ ibi tí táyà ẹ̀yìn ń wọ̀ ní apá kan, ẹ fà á yí ọrùn kẹ̀kẹ́ ká, ẹ so ó mọ́ apá kejì, kó le gan-gan. Ẹ wọn àlàfo òwú sí páìpù ìjókòó lọ́tùn-ún àti lósì. Ìyàtọ̀ mílímítà kan tàbí méjì ò burú. Tó bá ti kọjá mẹ́ta, férémù ti wọ́, kò sì sí ohun tẹ́ ẹ máa ṣe sí i.

Ibi tó bá kàn jìn wọnú, tí etí rẹ̀ rọra tẹ̀, tó wà láàárín páìpù, tí kẹrosíìnì ò sì rí nǹkan níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbìyànjú àtifà á jáde. Páìpù yẹn nípọn ní orí méjèèjì, ó sì fẹ́lẹ́ láàárín, nígbà mìíràn kò ju mílímítà kan lọ. Fífà á padà ni títẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìyẹn ló sì máa ń là á. Bí ojú jíjìn náà bá mú bí etí páálí tí wọ́n ká, ìyẹn ti yàtọ̀. Ẹ fi ìka ra abẹ́ páìpù ìsàlẹ̀ lẹ́yìn ọrùn. Bẹ́ ẹ bá rí i pé ó ń ru bí omi, tí ọ̀dà ibẹ̀ sì ń fọ́ yẹ́túyẹ́tú, kẹ̀kẹ́ náà ti forí sọ nǹkan rí. Ẹ wo ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó san owó tòkunbọ̀.

Àwọn kan máa ń fi fáíbà gíláàsì àti epoxy, gọ́ọ̀mù tí a ń po ẹ̀yà méjì rẹ̀ pọ̀ kó tó dì, wé ibi tó jìn. Mo gbà á fún àárín páìpù nìkan, kì í ṣe fún ojú ìjórin. Ẹ fi sáńpépà 80 ha á kọjá ibi tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ fi acetone nù ún, kẹ́ ẹ sì lẹ aṣọ fáíbà àkọ́kọ́ láàárín wákàtí kan, torí awọ alumíníọ̀mù tuntun ti ń hù láti ìgbà tẹ́ ẹ gbé sáńpépà kúrò. Ìpele mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí òwú aṣọ náà dábùú páìpù ní ìwọ̀n 45 díígírì. Bó bá jẹ́ kábọ̀n lẹ fẹ́ lò, ìpele àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ gíláàsì. Kábọ̀n àti alumíníọ̀mù tó bá fara kanra, tí òógùn tàbí òjò wọ àárín wọn, alumíníọ̀mù ni kábọ̀n máa jẹ. Nínú ooru tiwa, epoxy tí agolo rẹ̀ ní á lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lè dì nínú ife láàárín mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ pò ó díẹ̀díẹ̀, ní àárọ̀ kùtùkùtù.

Òpó ìjókòó tó há. Lára alumíníọ̀mù, ìpẹtà kì í pupa. Lẹ́búlẹ́bú funfun ni, ó sì gba àyè ju ohun tó jẹ lọ, òun ló ń fún òpó pa. Ẹ tú bóòtù ìdè kúrò pátápátá. Ẹ da kẹ̀kẹ́ dojú dé, ẹ yọ ọ̀pá pẹ́dáàlì, kẹ́ ẹ sì da acetone àti epo jíà mọ́tò tí wọ́n pò ní ọgbọọgba sínú páìpù ìjókòó láti ìsàlẹ̀. Ó di ọjọ́ kejì. Ẹ da omi gbígbóná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó sí ara páìpù náà lóde, ẹ fi yìnyín sínú òpó bí inú rẹ̀ bá ṣófo, kí ti òde fẹ̀ kí ti inú súnkì. Ẹ gbé ìjókòó àtijọ́ kan sórí òpó, ẹ máa yí i lọ́tùn-ún lósì. Yíyí ló ń tú u, fífà kì í tú u. Bó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ gé orí òpó, ẹ fi abẹ ayùn irin gé e lóòró láti inú, ní ibi méjì, ẹ dúró kí abẹ tó kan férémù. Iṣẹ́ ọ̀sán gbáko ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ da kọ́sítíìkì sódà, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, sí i, férémù irin ló ní lọ́kàn. Sódà yẹn ń jẹ alumíníọ̀mù bí ikán ṣe ń jẹ ìwé, òpó àti férémù pọ̀, gáàsì tó ń gbiná á sì máa rú jáde.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń fi òpó mìíràn sí i, ìwọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu gẹ́lẹ́. 27.2 kì í ṣe 27, 30.9 àti 31.6 jọra lójú, wọn ò jọra lẹ́nu páìpù. Bó bá fi ìdá mílímítà díẹ̀ kéré, ẹ gé agolo ohun mímu fi wé e: ara agolo nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà. Ẹ fi gírísì pa á.

Eyín bóòtù ibi tí ìgò omi ń wà máa ń jẹ, torí bóòtù mílímítà 5 ni, irin sì le ju alumíníọ̀mù lọ. Bí rivnut rẹ̀, ìyẹn nọ́ọ̀tì kékeré tí wọ́n há mọ́ ara páìpù, bá ń yí pẹ̀lú bóòtù, ẹ gbẹ́ ẹ jáde, ẹ fi tuntun rọ́pò. Bó bá jẹ́ eyín nìkan ló jẹ, Helicoil, ìyẹn sípíríǹgì kékeré tó ń di eyín tuntun, á tún un ṣe títí ayé. Ní ihò ọ̀pá pẹ́dáàlì tó jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ rántí pé ọwọ́ ọ̀tún, níbi tí ṣéènì wà, òdìkejì ló ń tú: bí aago ṣe ń lọ. Ọ̀pọ̀ eyín tó jẹ níbẹ̀, ọwọ́ tó ń fún un nígbà tó rò pé òun ń tú u ló jẹ ẹ́.

Ọ̀dà ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi iná bó o. Ẹ kọ́kọ́ kun prámà tí wọ́n ṣe fún alumíníọ̀mù, torí ọ̀dà lásán ò ní lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́. Ẹ bo imú yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń fi sáńpépà ha á.

Férémù tí kẹrosíìnì ti dájọ́ fún, ẹ tú gbogbo nǹkan ara rẹ̀: táyà, pẹ́dáàlì, bíréèkì, òpó ìjókòó, ẹ̀rọ tó ń sún ṣéènì. Àwọn yẹn ṣì wúlò. Ara rẹ̀ tó kù, àwọn tó ń yọ́ alumíníọ̀mù àfọ́kù ṣe ìkòkò á fi ìwọ̀n kílò rà á. Kí ẹ tó fún wọn, ẹ fi ayùn gé páìpù ìsàlẹ̀ já sí méjì níwájú ara yín. Férémù tó bá ṣì wà lódindi, ẹnì kan lójú ọ̀nà á kùn ún ní ọ̀dà pupa.